Ta Ni David Suchet Gan-an, Ta Sì Ni Poirot?

Bí a bá dárúkọ David Suchet létí ẹni tó fẹ́ràn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kúkurú kan ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Orí rẹ̀ rí rogodo bí ẹyin, irunmú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ká ṣóńṣó sókè lọ́tùn-ún lósì, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Hercule Poirot nìyẹn. Àwọn kan gbà pé ará Faransé ni Suchet, àwọn kan ní ará Bẹ́ljíọ̀mù ni. Ọ̀pọ̀ rò pé kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí yàtọ̀ sí Poirot. Àwọn tó sì gbọ́ pé wọ́n ń pè é ní Sir ń béèrè pé ogun wo ló jà. Ọ̀rọ̀ náà ti dì mọ́ra wọn, mo sì fẹ́ tú u, nítorí òṣèré tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ni, àṣìmọ̀ yìí kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó.

Poirot kì í ṣe ẹni tó gbé ayé rí. Agatha Christie, obìnrin òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1920. Ó ṣe é ní ọlọ́pàá ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, tí ogun àgbáyé kìíní sọ di ogunléndé, tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Faransé ló ń sọ, nítorí apá kan Bẹ́ljíọ̀mù ń sọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ènìyàn inú ìtàn fi ń pè é ní ará Faransé tí inú fi ń bí i. Suchet ní tirẹ̀, Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1946. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tó fi dàgbà. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nílé nípọn, ó sì lọ sílẹ̀, kò jọ ti Poirot rárá.

Àmọ́ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, sínú ìdílé Júù tó ṣẹ̀ wá láti Lithuania. Bàbá náà wá kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di dókítà àwọn obìnrin àti aláboyún. Ìyá rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ orí ìtàgé rí. Bàbá ìyá rẹ̀, James Jarché, jẹ́ ayafọ́tò ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ dún gan-an láyé ìgbà tirẹ̀. John Suchet, ẹ̀gbọ́n David, sì wà lára àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ITN, débi pé nígbà kan, bí ẹnikẹ́ni bá pe Suchet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa rò, kì í ṣe àbúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dà rú jù lọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Poirot tó dé. Ọmọ ọdún 42 ni Suchet nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Poirot rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Kí ló ti ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́?

Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní National Youth Theatre. Lẹ́yìn náà ó lọ sí LAMDA, ilé ẹ̀kọ́ eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969 ní ilé eré ìlú Chester. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí irú ilé eré bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn òṣèré ìran tirẹ̀ ti mọ iṣẹ́. Ìlú ní ilé eré, ilé eré ní àwọn òṣèré tirẹ̀ tó ń gba owó ọ̀sẹ̀. Eré kan á wà lórí ìtàgé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lójú ọ̀sán, bí àwọn òṣèré ṣe ń ṣe ìyẹn lálẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á máa fi eré tó kàn dánra wò. Ẹni tó ṣe ọba lóṣù yìí lè ṣe ìránṣẹ́ tó ń gbé àtẹ tíì wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Kò sí àyè láti jókòó ti irú ènìyàn kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọdé òṣèré á di arúgbó, á di ọ̀mùtí, á di àlùfáà, á di olè, gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilé eré irú èyí kan, ti ìlú Coventry, ni Suchet ti pàdé Sheila Ferris, òṣèré bíi tirẹ̀, tí wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1976.

Ní 1973 ó wọ Royal Shakespeare Company, tí wọ́n ń gé kúrú sí RSC. Ẹgbẹ́ yìí fìdí sọlẹ̀ sí Stratford-upon-Avon, ìlú tí wọ́n ti bí Shakespeare, ó sì tún ń ṣe eré ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ eré láti alẹ́ dé alẹ́, kì í ṣe eré kan náà lójoojúmọ́, nítorí náà òṣèré kan á gbé eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí lẹ́ẹ̀kan náà. Suchet lò ju ọdún mẹ́wàá lọ pẹ̀lú wọn, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ó ṣe Tybalt, ọ̀dọ́kùnrin oníjà inú ìtàn Romeo àti Juliet. Ó ṣe Caliban, ẹrú tó ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀ lórí erékùṣù. Ní 1985 ó ṣe Iago, ẹni tó fi ẹnu lásán pa ilé Othello run. Ben Kingsley ló ṣe Othello.

Shylock ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Júù ni Shylock nínú eré Shakespeare tí wọ́n ń pè ní The Merchant of Venice, ayánilówó ni, ó sì ní kí wọ́n gé ẹran ara ajigbèsè òun fún òun. Suchet ṣe é ní 1981 lábẹ́ adarí eré John Barton. Patrick Stewart, òṣèré RSC mìíràn, ti ṣe é lábẹ́ Barton kan náà ní 1978. Barton wá kó àwọn méjèèjì jọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan, ó ní kí wọ́n ṣe àwọn ìran kan náà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rò. Lójú Stewart, àjèjì ni Shylock lákọ̀ọ́kọ́, jíjẹ́ tó jẹ́ Júù wà lẹ́yìn ìyẹn. Suchet, tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Júù, kò gbà. Ó ní ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ di àjèjì ni pé ó jẹ́ Júù, èèyàn kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ìlà kan náà láti inú ìwé kan náà, síbẹ̀ ènìyàn méjì ló jáde. Bí mo bá fẹ́ fi han ẹnìkan ohun tí òṣèré ń ṣe gan-an, ètò yìí ni mo máa fi hàn án.

Ẹ̀yìn èyí la lè lóye orúkọ tí Suchet ń pe ara rẹ̀: character actor, ìyẹn òṣèré tó ń di ẹlòmíràn nínú eré kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣèré kan wà tó jẹ́ pé ara wọn gan-an ni a ń sanwó wò: ojú wọn, ẹ̀rín wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Eré á yí padà, àwọn kò ní yí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Suchet kò sí lára wọn. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ òun ni láti di ẹni tí òǹkọ̀wé dá, kí ó gbọ́ tirẹ̀, kí ó sì sìn ín. Nítorí náà, bí o bá wò ó nínú eré márùn-ún, ènìyàn márùn-ún ni wàá rí, o sì lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. Tẹlifíṣọ̀n ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ kí Poirot tó dé: ní 1984 ó ṣe Sigmund Freud, dókítà ọpọlọ ará Austria, fún BBC. Ní 1985 kan náà tó ṣe Iago, ó tún ṣe Blott nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan. Ohun mìíràn tún wà tó ń da àwọn ènìyàn láàmú títí dòní: nínú fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan ní ọdún yẹn, òun ni ọlọ́pàá Japp, Peter Ustinov sì ni Poirot. Bí o bá rí i níbi tó ti ń jẹun nínú yàrá Poirot tí ẹlòmíràn ń jẹ́ Poirot, ojú rẹ kò tàn ọ́.

Nígbà tí ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fi iṣẹ́ Poirot lọ̀ ọ́, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John léèrè. John ní kó má ṣe sún mọ́ ọn rárá, pé kò yẹ ẹ́. Ó gbà á síbẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń sọ pé orí ìtàgé ló bí Poirot, kì í ṣe kámẹ́rà.

Ó kó àwọn ìwé Christie jọ, ó kà wọ́n tòun ti bírò lọ́wọ́, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa ọkùnrin náà sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà di nǹkan 93. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ará Bẹ́ljíọ̀mù ni Poirot, kì í ṣe ará Faransé. Iye horo ṣúgà tó ń fi sínú tíì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kan ohùn. Ó gbọ́ bí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń sọ Faransé ṣe ń sọ̀rọ̀, ó wá gbé ohùn tirẹ̀ kúrò ní àyà lọ sí orí, nítorí lójú rẹ̀, ọpọlọ ni Poirot, ọpọlọ náà ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ó kan ìrìn. Christie ti ṣàpèjúwe ìrìn kéékèèké tó ń yára. Suchet fi owó wẹ́wẹ́ kan há ìdí, ó sì ń rìn láìjẹ́ kó jábọ́, títí ìrìn náà fi mọ́ ọn lára. Ó kan ara: wọ́n fi aṣọ tó nípọn kún un níkùn àti láyà, nítorí Suchet kò sanra tó Poirot. Kò sí èyí tó já bọ́ láti ọ̀run nínú gbogbo rẹ̀. Ilé eré ìlú ló ti kọ́ ọ.

Rosalind Hicks, ọmọ kan ṣoṣo tí Christie bí, pè é wá jẹun, ó sì kìlọ̀ fún un pé àwọn òǹwòran lè bá Poirot rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Suchet di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Nígbà tí wọ́n ń ya àwọn eré àkọ́kọ́, Poirot fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ìtura, Suchet sì fẹ́ kó kọ́kọ́ fi áńkáṣífì rẹ̀ sí i kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà dọ̀tí. Adarí eré ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn máa dà. Suchet kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohun tí Christie ní kó ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, Suchet ló sì borí. Ẹni tó ń wo eré náà lè rò pé ọ̀rọ̀ áńkáṣífì lásán ni. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ọdún mẹ́rìnlélógún tó tẹ̀lé e ti rí ìdí dúró sí.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní ọdún 1989 ni ITV gbé ti àkọ́kọ́ sáfẹ́fẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ti ìkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àádọ́rin, nínú ọ̀wọ́ mẹ́tàlá, ó sì kó gbogbo ìwé ńlá tí Christie kọ nípa Poirot pọ̀ mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìtàn kéékèèké rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń ṣe ìṣirò yìí, wọ́n á ní Suchet fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe Poirot láìsinmi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn kì í yà á tọdún-tọdún. Láti 1997 títí 2000 bẹ̀rẹ̀, kò sí Poirot tuntun kankan lórí afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òmíràn máa wà. Inú àwọn àlàfo báyìí ló ti ń padà sí orí ìtàgé.

Ní 1993 ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ fẹ̀sùn kàn, nínú eré tí Harold Pinter darí ní Royal Court, ilé eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1996 ó bá Diana Rigg ṣe tọkọtaya tó ń fi ọ̀rọ̀ ya ara wọn láti alẹ́ mọ́jú. Láti 1998 ó ṣe Salieri, akọrin tó ń jowú Mozart nínú Amadeus, ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ní Broadway ní New York. Salieri inú eré yẹn máa ń jókòó gẹ́gẹ́ bí arúgbó lójú gbogbo ènìyàn, á bọ́ aṣọ àgbà sílẹ̀, á sì di ọ̀dọ́ láì kúrò lórí ìtàgé. Kò sí ẹni tó máa dá kámẹ́rà dúró kí wọ́n lè tún un kùn lójú. Ẹgbẹ́ Tony ní Amẹ́ríkà yan orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó dù fún àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin ní ọdún 2000. Yíyàn kì í ṣe gbígbà o. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Àmì ẹ̀yẹ tó gbà ni International Emmy ní 2008, fún ipa Robert Maxwell, ọlọ́rọ̀ oníwèé ìròyìn tó kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ.

Kí ló yàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì? Ní West End, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n sábà ń ṣe eré kan lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn sì gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn pátápátá. Bí òṣèré bá ṣì í lónìí, ó lè tún un ṣe lọ́la. Kámẹ́rà yàtọ̀. Ó sún mọ́ ojú débi pé ìṣẹ́jú-ojú kan tó ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí ìtàgé. Wọn kì í sì í ya ìtàn bó ṣe tò. Bí ìran mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan, wọ́n á ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ pé ọ̀kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí èkejì wà ní òpin, nítorí owó àti àkókò.

Èyí ló ṣàlàyé ohun tó rú ọ̀pọ̀ lójú nípa ìparí Poirot. Curtain ni wọ́n fi hàn kẹ́yìn, ibẹ̀ ni Poirot ti kú. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n yà kẹ́yìn. Wọ́n ti kọ́kọ́ ya ikú náà, lẹ́yìn tí Suchet ti dín ara kù kí ó lè jọ arúgbó aláìsàn orí kẹ̀kẹ́ arọ, kí wọ́n tó lọ ya àwọn tó kù. Èyí tí wọ́n yà kẹ́yìn ni Dead Man's Folly, wọ́n sì ya apá kan rẹ̀ ní Greenway, ilé Agatha Christie fúnra rẹ̀ ní Devon, níbi tí Poirot ti ń rìn pẹ̀lú ara líle. Christie náà ti ṣe ohun tó jọ ọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì ló kọ ìwé ikú Poirot, ó tì í mọ́lẹ̀, ó ń kọ ìtàn Poirot mìíràn lọ, ìwé náà kò sì jáde títí di 1975. Ìwé ìròyìn New York Times kéde ikú Poirot ní ojú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ Sir. Oyè yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ogun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpele ìyìn lórí ìpele fún àwọn tó ti ṣe gudugudu nínú iṣẹ́ wọn. Suchet gba OBE ní 2002, ó gba CBE tó ga jù ú lọ ní 2011. Kò sí èyí tó sọ ènìyàn di Sir nínú méjèèjì. Ní 2020 ni wọ́n tó fi jẹ oyè knight nítorí iṣẹ́ eré àti iṣẹ́ àánú, òun ló mú Sir wá. Orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́: Sir David ni, kì í ṣe Sir Suchet.

Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tó mọ ohùn rẹ̀ láì mọ̀ pé òun ni Poirot. Ní 1986, nígbà tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Amẹ́ríkà, ó ka ìwé Róòmù, ó sì di Kristẹni. Láàárín ìgbà tí wọ́n ń ya àwọn Poirot ìkẹyìn, ó ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ látòkèdélẹ̀, wákàtí tó lò nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sì ju 200 lọ. Ohùn tirẹ̀ gan-an ló fi kà á, ohùn àyà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohùn Poirot ṣe jìnnà sí ti ọkùnrin náà, kó gbọ́ Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní lẹ́nu rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Curtain, ó máa ba gbogbo èyí tó ṣáájú jẹ́ fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ti 1989, ìtàn nípa obìnrin alásè Clapham tó pòórá. Lẹ́yìn náà wo The Way We Live Now ti 2001, níbi tó ti ṣe Melmotte, ọlọ́rọ̀ oníjìbìtì tí ara rẹ̀ ń kún gbogbo yàrá. Wàá máa wá Poirot lójú rẹ̀, o kò sì ní rí i. Ti orí ìtàgé ṣòroó rí nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lórí fídíò, ṣùgbọ́n wọ́n ya All My Sons tí òun àti Zoë Wanamaker ṣe ní 2010, wọ́n sì ya èyí tó ṣe ní 2015, nígbà tó wọ kóósẹ́ẹ̀tì àti fìlà ìyẹ́, tó ṣe Lady Bracknell, àgbà obìnrin ọlọ́lá kan nínú eré Oscar Wilde. Ọmọ ọdún 69 ni nígbà náà.